Kí Ni A Fi Ń Wọn Ẹ̀rọ Aṣàwárí? Ìtàn Láti Cranfield Dé Ọ̀dọ̀ Èdè Yorùbá

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí jẹ mọ́ ohun tí púpọ̀ nínú wa ń lò lójoojúmọ́ láìwo ìdí rẹ̀. Bí a bá tẹ ọ̀rọ̀ kan sínú Google tàbí Bing, tí àkójọ ojúewé sì jáde, báwo ni a ṣe mọ̀ pé èyí tó jáde ni ó dára jù? Bí ẹnìkan bá sọ pé ẹ̀rọ aṣàwárí yìí sàn ju tọ̀hún lọ, kí ni ó fi wọ̀n ọ́n? Ìbéèrè yìí ní ìtàn, ìtàn náà sì ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dáyé. Èmi tí mo jẹ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ohun tó fà mí mọ́ ọn ni pé ọ̀rọ̀ àti ìlò ọ̀rọ̀ ni ó wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀rọ kàn ń jẹ́ iṣẹ́ ni.

Kí n tó wọ inú ìtàn, ó yẹ kí a fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ méjì tí n ó máa lò. Ẹ jẹ́ kí á sọ pé ìyá àgbà kan rán ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí ìdí àpótí aṣọ, ó ní kí ó kó gbogbo aṣọ òfì tó wà níbẹ̀ wá. Òfì mẹ́wàá ni ó wà nínú àpótí náà. Ọmọ náà kó aṣọ márùn-ún jáde: mẹ́rin jẹ́ òfì, ọ̀kan jẹ́ àdìrẹ. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà díwọ̀n iṣẹ́ tí ọmọ yìí jẹ́. Nínú ohun tó kó wá, mélòó ni ó bá iṣẹ́ tí a rán an mu? Mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo pe èyí ní ìwọ̀n àìlábùlà. Nínú ohun tó yẹ kí ó kó wá, mélòó ni ó kó dé? Mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Èyí ni mo pè ní ìwọ̀n àìṣẹ́kù. Bí ọmọ náà bá tú gbogbo àpótí dà sílẹ̀ níwájú ìyá àgbà, òfì kankan kò ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n àbùlà pọ̀ jọjọ. Bí ó bá mú ẹyọ òfì kan ṣoṣo wá, àbùlà kò sí, ṣùgbọ́n mẹ́sàn-án ṣì wà nínú àpótí.

Inú ilé-ìkàwé ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìwé ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì pọ̀ dé ibi pé apá àwọn olùtọ́jú ìwé kò fẹ́ ká a mọ́. Àwọn kan ní ètò onínọ́ńbà tó pín gbogbo ìmọ̀ ayé sí ẹ̀ka àti ẹ̀ka-ẹ̀ka ni ó dára jù láti fi tò wọ́n. Àwọn mìíràn ní kí a kàn to àkòrí wọn ní a-b-d. Àwọn kan tún gbé ètò kan kalẹ̀ tí a mọ̀ sí Uniterm, tí kò ṣe ju pé kí a ṣa àwọn ọ̀rọ̀ ẹyọ ẹyọ tó ṣe kókó jáde láti inú ìwé, kí a sì fi wọ́n ṣe àmì tí a ó fi máa wá a. Oníkálukú ń gbèjà tirẹ̀ bí ẹni ń gbèjà ẹ̀sìn. Àríyànjiyàn pọ̀, ẹ̀rí kò sí.

Ní ọdún 1958, Cyril Cleverdon, olùtọ́jú ilé-ìkàwé ní College of Aeronautics ní Cranfield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan pẹ̀lú owó ìrànwọ́ láti ọ̀dọ̀ National Science Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ó kó ìwé 18,000 jọ, ó fi ètò mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tò wọ́n, ó sì fi ìbéèrè 1,200 dán wọn wò. Nígbà tí èsì jáde ní 1962, Uniterm tí ọ̀pọ̀ àgbà olùtọ́jú ìwé ń fojú tín-ín-rín ni ó ṣíwájú díẹ̀. Inú kò dùn láàrin àwọn tó ti fi ọdún gbọ́ọrọ kọ́ ètò tó díjú. Wọ́n ní ìdánwò náà kò tọ́, nítorí pé inú ìwé kan tó wà nínú àkójọ ni a ti fa ìbéèrè kọ̀ọ̀kan yọ, tí a sì ń wò ó bóyá ìwé yẹn gan-an ni a ó rí padà. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú ìdánwò kejì, tó parí ní 1966, Cleverdon lo ìwé 1,400. Ọ̀dọ̀ àwọn tó kọ ìwé ìwádìí ni ó ti gba ìbéèrè, èyíinì ni ìbéèrè tó gbé wọn dìde tí wọ́n fi ṣe ìwádìí wọn, a sì yẹ àwọn ìwé inú àkójọ wò sí ìbéèrè wọ̀nyí láti mọ èyí tó bá a mu àti èyí tí kò bá a mu. Èsì náà tún rí bákan náà: ọ̀rọ̀ ẹyọ ẹyọ tí àwọn òǹkọ̀wé fúnra wọn lò borí èdè àtọwọ́dá tí àwọn amòye ṣẹ̀dá láti fi ṣàpèjúwe ìwé. Ẹnu ya Cleverdon fúnra rẹ̀.

Kí ẹ má ṣe fi ojú kékeré wo èyí. Ogún mẹ́ta ni Cranfield fi sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ aṣàwárí kan wé òmíràn: àkójọ ìwé, àkójọ ìbéèrè, àti àkójọ ìdájọ́ tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ ṣe. Ẹ fi ẹ̀kẹta yìí sọ́kàn, nítorí pé òun ni ọ̀rọ̀ wa yóò padà dá lé.

N kò ní pẹ́ lórí àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e. Gerard Salton ní yunifásítì Cornell kọ́ ètò SMART, tó ń to ìwé láti orí èyí tó bá ìbéèrè mu jù wá sí ìsàlẹ̀. Ní 1972, Karen Spärck Jones ní Cambridge ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ tó bá wà nínú gbogbo ìwé kò ní ìwúlò fún àwárí. Ọ̀rọ̀ tó bá ṣọ̀wọ́n ni ó yẹ kí a ka ìwọ̀n rẹ̀ sí. Bí a bá ń wá ìwé nípa ìjálá àwọn ọdẹ, “àwọn” kò já mọ́ nǹkan kan, “ìjálá” ni kókó.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kan wà tí n kò lè fò kọjá. Ní 1985, David Blair àti M. E. Maron tẹ àbọ̀ kan jáde nípa àwọn agbẹjọ́rò tí wọ́n ń gbèjà nínú ẹjọ́ ńlá kan tó jẹ mọ́ ìjàm̀bá. Ìwé ẹjọ́ náà tó 40,000, ojúewé wọn sì tó nǹkan bí 350,000. Ètò kan tí ń jẹ́ STAIRS, tí ilé-iṣẹ́ IBM ṣe, ni wọ́n fi ń wá ohun tí wọ́n fẹ́. Àwọn agbẹjọ́rò náà ti sọ pé ó kéré tán, ìdá 75 nínú 100 àwọn ìwé tó bá ọ̀ràn mu ni ó gbọ́dọ̀ tẹ àwọn lọ́wọ́, wọn kì í sì í dáwọ́ dúró títí ó fi dá wọn lójú pé ó ti tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Blair àti Maron ṣàyẹ̀wò ìwé tó kù nílẹ̀, wọ́n rí i pé ìdá 20 péré nínú 100 ni wọ́n ń rí. Ohun tí wọ́n kó wá kò ní àbùlà púpọ̀, ohun tó ṣẹ́kù ni ó pọ̀.

Kí ló fà á? Èdè ni. Ẹni tó ń wá “ìjàm̀bá” kò mọ̀ pé àwọn tí ọwọ́ wọn wà nínú ọ̀ràn náà kì í pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n a máa pè é ní ìṣòro, tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò dára. Nígbà mìíràn, wọn kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, wọ́n a kàn kọ ọ́ pé “ọ̀rọ̀ tí ẹ bá wa sọ nínú lẹ́tà yín tó kọjá”. Ta ni yóò ṣàlàyé èyí fún ọmọ Yorùbá? Àwa tí a kì í sọ pé ọba kú, tí a ń sọ pé ọba wàjà. Àwa tí a ń pe ejò ní okùn ilẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Àwa tí a ń pe Ṣànpọ̀nná ní Olóde tàbí Ilẹ̀ẹ́gbóná nítorí ẹ̀rù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá tẹ “ikú ọba” láti wá ìtàn ààfin kan, ìwé tó pọ̀ jù nínú èyí tó ń wá ni kò ní ọ̀rọ̀ “ikú” nínú rárá.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1992, àjọ NIST ti ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé àkọ́kọ́ ohun tí a mọ̀ sí TREC ní ìpínlẹ̀ Maryland, lábẹ́ àkóso Donna Harman. Àkójọ ìwé Cranfield kéré. Ti TREC tóbi dé ibi pé kò sí ẹni tó lè ka gbogbo rẹ̀ tán. Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé kí ẹgbẹ́ olùwádìí kọ̀ọ̀kan fi ètò tirẹ̀ wá ìdáhùn, kí a kó àwọn tó wà lókè nínú àkójọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pọ̀ sójú kan, kí a sì jẹ́ kí adájọ́ ka ìwọ̀nyí nìkan. Ohun tí ẹgbẹ́ kankan kò bá gbé wá, a kà á sí ohun tí kò bá a mu. Ọgbọ́n tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ìwé tí gbogbo ètò bá jọ gbàgbé kò ní olùgbèjà.

Ní àkókò yẹn, íntánẹ́ẹ̀tì ti ń gbilẹ̀. Alan Emtage, ọmọ erékùṣù Barbados, ti ṣe Archie ní yunifásítì McGill ní Kánádà ní 1990 láti máa wá orúkọ fáìlì. Lycos àti Yahoo dé ní 1994, AltaVista dé ní oṣù Kejìlá 1995. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń yangàn pé tòun ni ó tóbi jù. Ní 1998, Steve Lawrence àti Lee Giles fi ìbéèrè 575 tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì béèrè dán ẹ̀rọ mẹ́fà wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ojúewé tó wà lórí ìtàkùn àgbáyé kò lè dín ní 320 mílíọ̀nù. HotBot tó kó jù kò kó ju nǹkan bí ìdámẹ́ta rẹ̀ lọ. Lycos kó nǹkan bí ìdá 3 nínú 100. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 1999, ojúewé ti di 800 mílíọ̀nù, kò sì sí ẹ̀rọ tó kó ju nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 lọ. Ayé rò pé gbogbo àpótí ni ọmọ náà ń tú, igun kan ni ó ń fọwọ́ kàn.

Google fìdí múlẹ̀ ní 1998, ohun tó gbé e ga sì ni pé ó ń ka ìtọ́kasí láti ojúewé kan sí òmíràn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ohun ìyanu ni pé ní TREC ọdún 1999, àwọn tó lo irú ọgbọ́n yìí kò fi bẹ́ẹ̀ rí èrè kankan nínú rẹ̀. Ṣé irọ́ ni Google ń pa ni? Rárá o. Irú ìbéèrè tí a fi ṣe ìdánwò ni kò bá ohun tí ènìyàn ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì mu. Ìbéèrè olùwádìí tó fẹ́ ka ìwé púpọ̀ ni TREC ń lò, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn tó ń lo ẹ̀rọ aṣàwárí kàn ń wá ojúewé kan pàtó, bíi ti báǹkì tàbí yunifásítì. Nígbà tí TREC fi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kún un ní 2001, ọ̀rọ̀ inú ìtọ́kasí fi agbára rẹ̀ hàn gbangba. Ní 2002, Andrei Broder pín ìbéèrè àwọn ènìyàn sí ọ̀nà mẹ́ta: ìbéèrè ẹni tó fẹ́ dé ibì kan, ti ẹni tó fẹ́ mọ nǹkan, àti ti ẹni tó fẹ́ ṣe nǹkan.

Àwọn kan ní kí a kúkú wo ibi tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀, kí a fi ìyẹn ṣe ìdájọ́. Thorsten Joachims àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cornell dán èyí wò nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2005. Wọ́n fi èsì kejì Google sí ipò kìíní, wọ́n fi ti ìkínní sí ipò kejì, láìjẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Èyí tó wà lókè ni wọ́n ṣì ń tẹ̀ jù. Ipò ni wọ́n gbà gbọ́. Ní 2012, Microsoft ṣe ìpolówó pé bí a bá bo orúkọ mọ́lẹ̀, ènìyàn fẹ́ràn Bing ju Google lọ ní nǹkan bí méjì sí ọ̀kan. Ian Ayres ní yunifásítì Yale tún ìdíje náà ṣe, ó sì kéde ní 2013 pé ìdá 53 nínú 100 yan Google, ìdá 41 yan Bing. Ó ṣàkíyèsí pé ìbéèrè tí ojúewé ìdíje náà fúnra rẹ̀ dábàá ṣe Bing lóore ju ìbéèrè tí ènìyàn ronú kàn lọ. Ẹni tó yan ìbéèrè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yan ẹni tí yóò borí.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Láti Cranfield títí dé ọ̀pọ̀ ọdún TREC, kò sí Yorùbá nínú àkójọ ìwé, kò sí nínú ìbéèrè, kò sì sí ẹni tí a pè kí ó wá ṣe ìdájọ́ ní èdè wa. Ẹ̀rọ tí a kò bá dán wò lórí nǹkan, kò sí ìdí tí ẹni tó ṣe é yóò fi tún un ṣe lórí nǹkan ọ̀hún.

Mo máa ń fi ọ̀rọ̀ márùn-ún ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi: igba tí a ń kà lẹ́yìn ọ̀kàndínnígba, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí í ṣe àkókò, igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, àti igi ìgbá tí a ti ń rí irú. Bí ẹ̀rọ bá yọ àmì ohùn kúrò, ọ̀kan ṣoṣo ni gbogbo wọn. Bí ó bá tún yọ àmì abẹ́ lẹ́tà kúrò, ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ akérò àti ọ̀kọ̀ ológun di oko, èyí tí í ṣe ojú ní èdè àwọn ará Poland. Ilé di ile, tí àwọn ará Turkey ń lò fún “pẹ̀lú”. Ohun tí ìyá àgbà rí níwájú rẹ̀ lẹ́yìn èyí kì í ṣe òfì àti àdìrẹ mọ́, aṣọ gbogbo ayé ni.

Ẹnìkan lè ní kí a má ṣe yọ àmì kúrò nígbà náà. Ìyẹn náà ní ìṣòro tirẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń kọ ní Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì ohùn, nítorí náà ẹni tó bá fi àmì pípé wá a yóò rí ohun tí kò ní àbùlà, ṣùgbọ́n ohun tí yóò ṣẹ́kù yóò pọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Unicode kò ní ẹyọ lẹ́tà kan fún ẹ́. A lè mú ẹ kí a fi àmì òkè lé e. A lè mú é kí a fi àmì sí abẹ́ rẹ̀. A sì lè mú e lásán kí a fi àmì méjèèjì kún un. Ojú ènìyàn rí ohun kan, ẹ̀rọ rí mẹ́ta, àyàfi bí ẹni tó kọ ètò rẹ̀ bá rántí láti sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwọn fọ́ǹtì tí à ń lò ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: lẹ́tà mìíràn ni wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ẹ àti ọ wa, tó jẹ́ pé ojúewé tó dára lójú yóò di wótowòto lójú ẹ̀rọ.

Ẹ tún wo àkọtọ́. Kí àkọtọ́ òde òní tó fìdí múlẹ̀ ní 1974, àwọn ìwé wa ń kọ aiye, enia, nwọn àti yio. Ẹni tó bá ń wá ayé, ènìyàn, wọ́n àti yóò kò ní bá wọn pàdé. Ní Bẹ̀nẹ̀ Olómìnira, ɔ àti ɛ ni wọ́n ń lò níbi tí àwa ti ń lo ọ àti ẹ, nítorí náà ọmọ di ɔmɔ. Kí a wá rékọjá òkun: odò kan náà, òrìṣà kan náà, Ọ̀ṣun nílé, Osun nínú ìwé ìjọba, Oshun lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, Oxum ní Brazil, Ochún ní Kúbà. Olùwádìí tó bá fẹ́ kó gbogbo ohun tí a ti kọ nípa rẹ̀ jọ gbọ́dọ̀ tẹ orúkọ márààrún. Lójú tèmi, ẹ̀rọ tó bá mọ̀ fúnra rẹ̀ pé ọ̀kan ni wọ́n ni ó yẹ kí a yìn.

Ìyípadà ti ń bẹ̀rẹ̀, ó sì yẹ kí a mọ̀ ọ́n. Ní 2022, àkójọ ìdánwò kan tí ń jẹ́ MIRACL jáde fún èdè 18, Yorùbá sì wà nínú rẹ̀. Àwọn tó gbọ́ èdè kọ̀ọ̀kan ni a gbà láti bi ìbéèrè àti láti ṣe ìdájọ́. Ìdájọ́ náà lé ní 700,000 ní gbogbo èdè pọ̀. Ní 2023, CIRAL dé fún Hausa, Somali, Swahili àti Yorùbá, tó kó ọ̀rọ̀ jọ láti inú ìròyìn. Mo ní ohun méjì láti sọ nípa wọn. Inú Wikipedia ni MIRACL ti kó ìwé jọ, púpọ̀ nínú àpilẹ̀kọ Yorùbá ibẹ̀ kò sì ju gbólóhùn díẹ̀ lọ. Nínú CIRAL, Gẹ̀ẹ́sì ni ìbéèrè, Yorùbá ni ìdáhùn. Ìyẹn wúlò fún ẹni tó wà lóde tó fẹ́ mọ ohun tí a ń sọ nílé, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ìyá ọlọ́jà ní Ìbàdàn ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìdánwò tí mo ń retí ni èyí tí yóò kó ìwé ìròyìn àtijọ́ alákọtọ́ àtijọ́, ìwé ìtàn àròsọ, ewì àti ìròyìn òde òní pọ̀ sójú kan, tí àwọn ìbéèrè rẹ̀ yóò wá láti ẹnu àgbẹ̀, oníṣègùn, akẹ́kọ̀ọ́ àti alágbàfọ̀, pẹ̀lú àmì àti láìsí àmì, tí àwọn adájọ́ rẹ̀ yóò sì mọ̀ pé ìwé tó sọ pé Kábíyèsí wàjà ni ìdáhùn fún ẹni tó béèrè ọdún tí ọba náà kú.